Lẹ́tà Ṣíṣí sí Agbẹjọ́rò Àgbà Ìjọba Àpapọ̀: Ìwé Kóòtù Kì í Ṣe Ìwé Ìpè sí Ìnáwó

Ògbómọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Oṣù Keje, ọdún 2018.

Sí Alhaji Abubakar Malami, SAN,
Agbẹjọ́rò Àgbà Ìjọba Àpapọ̀ àti Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́,
Àbújá.

Ọlọ́lá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Akódà kóòtù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bélífù ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ àti ìwé ìdájọ́ káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn abúlé tó yí i ká, lórí kẹ̀kẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, lórí alùpùpù nígbà tó yá. Mi ò kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì. Ibi tí ọ̀rọ̀ òfin bá ti le nínú lẹ́tà yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ló jókòó tì mí tó là á yé mi. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí pé àwọn ará ìlú tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi gbọ́ ọ, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ọ́fíìsì yín sì jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà, kò lè ṣàìrí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá rédíò VOA ti Amẹ́ríkà sọ nínú oṣù yìí ló gbé mi dìde. Ní ọjọ́ 2 oṣù yìí, Adájọ́ Ijeoma Ojukwu ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì Sambo Dasuki, ẹni tó jẹ́ olùdámọ̀ràn lórí ààbò fún Ààrẹ Goodluck Jonathan, ní béèlì. Wọ́n bi yín léèrè ìdí tí ọkùnrin náà fi ṣì wà ní àhámọ́. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu yín ni pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹnì kan sí ẹnì kejì, èèyàn lè wò ó bó ṣe wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan gbogbo orílẹ̀-èdè, ti ará ìlú gbọ́dọ̀ borí ti ẹnì kan. Ẹ tún sọ pé ẹni tí à ń wí yìí lọ́wọ́ nínú ikú èèyàn tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000.

Mi ò mọ Dasuki rí, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ mí níṣẹ́ láti gbèjà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kó owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ìbọn fún àwọn ọmọ ogun wa jẹ, kí kóòtù rán an lẹ́wọ̀n, kó sì pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni ohun tí ẹ fi ẹnu yín ṣe sí ìwé tí mo fi ìgbà ayé mi gbé.

1. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí. Akódà kì í gbé ìbọn, kì í gbé kùmọ̀. Á dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó lówó jù ú lọ, tó lẹ́nu láwùjọ jù ú lọ, á sì na ìwé sí i. Ní ọdún 1994, mo gbé ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ lọ bá ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù. Opó àbúrò rẹ̀ ló pè é lẹ́jọ́ nítorí yàrá méjì tí ọkọ obìnrin náà kọ́ kó tó kú. Ọkùnrin yìí ti ti yàrá méjèèjì pa, ó sì ti kó ẹrù opó náà síta, sínú òjò. Kóòtù ní kó ṣí i fún un. Mo ka ìwé náà sí i létí lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ìwọ yìí, ta ló rán ọ?” Mo ní, “Kóòtù ni, bàbá.” Ó dákẹ́ lọ títí. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà á nílẹ̀, mo gbé e lọ fún opó náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn láti ọdún yìí wá. Ọkùnrin náà lè lù mí. Ó lè ya ìwé náà. Ohun tó dá a dúró ni pé ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé bí òun bá kọ ìwé yẹn, kò sí ẹni tó tóbi tó ní Nàìjíríà tí yóò bá òun kọ̀ ọ́. Gbogbo agbára tí akódà ní kò ju ìgbàgbọ́ yẹn lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tí mo kọ́ níṣẹ́, tó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, gbé ìwé lọ fún onílé kan nítòsí Tákíé. Ẹni náà kò bínú, kò bú u. Ó rẹ́rìn-ín ni, ó ní, “Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mínísítà sọ lórí rédíò ni? Sọ fún wọn pé èmi náà ń ro ti ará ìlú.” Ó dá ìwé padà sí i lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ yìí wá bá mi nílé pẹ̀lú ìwé náà, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà yìí. Ìwé ìpè sí ìnáwó ni èèyàn máa ń gbà, tí á fi wo àpò ara rẹ̀ wò bóyá òun á lọ tàbí òun ò ní lọ. Ẹ ti jẹ́ kí onílé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ rò pé bákan náà ni ìwé kóòtù rí.

2. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lórí rédíò lè rò pé adájọ́ kan ṣoṣo ló ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn fún ọ̀daràn. Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́. Ní òpin ọdún 2015, kóòtù ní Àbújá fún Dasuki ní béèlì. Bó ṣe fẹ́ jáde lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Kuje ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS tún gbé e lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, 2016, kóòtù ECOWAS, tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, sọ pé àtìmọ́lé náà kò bófin mu, kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n sì san mílíọ̀nù 15 náírà fún un. Ìdájọ́ Adájọ́ Ojukwu lóṣù yìí wá tẹ̀ lé e. Ẹ fi ti Sheikh Ibraheem El-Zakzaky, olórí ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí Ṣíà ní Nàìjíríà, kún un: ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, 2016, Adájọ́ Gabriel Kolawole fún ìjọba ní ọjọ́ 45 pé kí wọ́n tú òun àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì san mílíọ̀nù 50 náírà fún àwọn méjèèjì. Ọjọ́ 45 yẹn ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Àwọn méjèèjì ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹnì kan bá kọ ìwé kan, a máa ń sọ pé orí kunkun ló ń ṣe é. Bó bá kọ mẹ́rin léra wọn, a ti mọ̀ pé ó ti pinnu.

3. Ẹ̀sùn tí ìjọba gbé lọ sí kóòtù lórí Dasuki, ti ìbọn tí wọ́n ní kò gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ni, ti owó àìmọ́ tí wọ́n ní ó fẹ́ sọ di mímọ́ ni, ti owó ìlú tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ní ó darí sí ibòmíràn ni. Kò sí ẹ̀sùn ìpànìyàn níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba jókòó síwájú gbohùngbohùn, ẹ ka ikú ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn sí i lọ́rùn. Abala 36 nínú ìwé òfin sọ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi, àfi ìgbà tí kóòtù bá tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa náà sì sọ ọ́ kí òyìnbó tó gbé ìwé òfin dé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìyá kan wà ní àdúgbò mi tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ sójà, tí ọmọ náà kò padà dé láti Borno. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí pé ẹnì kan ló fa ikú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ kó o lọ síwájú adájọ́, nítorí ti ìyá yìí. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ orúkọ ẹni tó pa ọmọ rẹ̀ láti ẹnu ẹni tó ti gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Ọ̀rọ̀ rédíò kò lè fún un ní ìyẹn.

4. Mo mọ ìdájọ́ tí àwọn olùgbèjà yín ń tọ́ka sí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Asari Dokubo, olórí àwọn ajìjàgbara kan ní Niger Delta, pé bí ààbò orílẹ̀-èdè bá wà nínú ewu, ẹ̀tọ́ ẹnì kan lè gba ipò kejì. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ta ló gbé ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ yẹn? Asari ló bẹ̀bẹ̀ fún béèlì, ìjọba ló ní rárá, àwọn adájọ́ ló gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kí wọ́n tó kọ̀ fún un. Ọwọ́ kóòtù ni òṣùwọ̀n wà. Ní ti Dasuki náà, kóòtù ló gbé e wọ̀n, ó sì ní kí wọ́n fún un ní béèlì. Ẹ kò lè gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ adájọ́ lọ́jọ́ tí kò bá gbè yín, kí ẹ sì máa fi ìdájọ́ ọjọ́ tó gbè yín ṣe ẹ̀rí.

Bí ìdájọ́ Adájọ́ Ojukwu kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọ̀nà kòtẹ́milọ́rùn ṣí sílẹ̀. Ẹ lè bẹ kóòtù pé kó dá àṣẹ náà dúró ná. Àgbẹ̀ tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé mọ ọ̀nà yẹn, ẹni tó ń pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.

5. Abala 150 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló dá ọ́fíìsì yín sílẹ̀, tó fi yín ṣe olórí òṣìṣẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Abala 174 ní kí ẹ máa ro ire ará ìlú bí ẹ bá ń pe ẹjọ́ tàbí tí ẹ bá fẹ́ dá ẹjọ́ dúró. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ pípè ni abala yẹn fi lé yín lọ́wọ́. Bí adájọ́ bá ti dá ẹjọ́ tán, abala 287 ló kàn, ó sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: gbogbo aláṣẹ àti gbogbo èèyàn ní ibikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí ni yóò mú ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ṣẹ. Kò yọ mínísítà sílẹ̀. Kò yọ DSS sílẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kà á fún mi ni abala 45. Ibẹ̀ ni òfin ti ka àwọn ẹ̀tọ́ tí wọ́n lè fi òfin dín kù nítorí ààbò ìlú, láti abala 37 dé 41. Òmìnira ara, tó wà ní abala 35, kò sí nínú wọn. Kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àkókò pàjáwìrì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì gbọ́dọ̀ ṣe òfin lé e lórí. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó kọ ìwé òfin náà ti ro ọ̀rọ̀ ààbò ìlú kí ẹ tó rò ó. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ààbò ni ìjọba máa ń kọ́kọ́ mú bọ ẹnu bó bá fẹ́ fi èèyàn sí àhámọ́, wọ́n sì mọ odi síbẹ̀.

6. Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ní Ògbómọ̀ṣọ́ ju bí ẹ ṣe lè mọ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdájọ́ ti já lé ọmọ wa lórí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, yọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá nípò olórí ìjọba lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹjọ́ náà lọ títí, ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, ìgbìmọ̀ Privy Council, tó jẹ́ kóòtù tó kẹ́yìn fún wa nígbà náà, dá Dáúdà Adégbénró, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Akíntọ́lá, láre. Kí ni àwọn tó wà lórí àga ṣe? Wọ́n yí òfin Ìwọ̀-Oòrùn padà, wọ́n jẹ́ kó padà sẹ́yìn kó lè gbé ìdájọ́ náà mì. Akíntọ́lá dúró sórí àga. Ọmọ ìlú mi ni, lọ́yà tó gbóná ni, a sì ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn títí dòní. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́njú tó láti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dìbò ọdún 1965 tí inú ará ìlú bàjẹ́ sí èsì rẹ̀, kóòtù ti di ohun tí wọ́n rí i tí ìjọba fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Epo ni wọ́n gbé. “Wẹ́ẹ̀tì ẹ” ni wọ́n ń ké bí wọ́n ṣe ń sun ilé àti èèyàn. Ní oṣù Kínní ọdún 1966, ìbọn àwọn sọ́jà ló pa Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìlú yìí sunkún.

Ẹ̀ẹ̀kejì yàtọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kínní, 2006, aṣòfin 18 nínú 32 ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Ràṣídì Ládọjà. Igbákejì rẹ̀, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bọ́ sórí àga. Mi ò ní purọ́ fún yín: a jó. Èmi náà wà nínú àwọn tó jó. Ní oṣù Kọkànlá, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn sọ pé ìyọnípò náà kò bófin mu. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi èdìdì dì í: ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin ń fẹ́, 18 kò sì tó o nínú 32. Ó dùn wá dé egungun. Ṣùgbọ́n ọmọ wa dìde kúrò lórí àga, Ládọjà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, Àlàó-Akálà du ipò náà, wọ́n sì kéde rẹ̀ pé ó wọlé.

Èmi tí mo jó ní oṣù Kínní ni mo gbé ìwé kóòtù jáde ní oṣù Kejìlá kan náà, tí mo ń sọ fún ẹlòmíràn pé, “Kóòtù ló sọ ọ́, ẹ gbà.” Mo lè sọ ọ́ nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ fún àwa náà, a sì gbà. Kí ni kí ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ sọ báyìí?

7. Abẹ́ ìjọba ológun gan-an, kóòtù kò gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba ológun Èkó lé Odumegwu Ojúkwu, olórí Biafra nígbà ogun abẹ́lé, kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ní ọdún 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ fún wọn lójúkojú pé ẹni tó ń tẹ àṣẹ kóòtù mọ́lẹ̀ kò lè wá tọrọ ojúrere kóòtù. Àwọn adájọ́ yẹn kò ní ìwé òfin ìjọba alágbádá láti fi dábòbò ara wọn. Ẹ̀yin ní in.

8. Ààrẹ Muhammadu Buhari mọ ohun tí kóòtù jẹ́. Ó du ipò ní ọdún 2003, 2007 àti 2011, nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni òun tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹjọ́ títí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Igbákejì rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ni agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Èkó nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó, tí Èkó gba ìdájọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, tí Àbújá sì ń fa ẹsẹ̀. Wọ́n pariwo nígbà náà pé ìjọba kò bọ̀wọ̀ fún kóòtù, wọ́n sì jàre. Ọlọ́lá, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ti ń jíṣẹ́. Ẹ bi wọ́n bó ṣe rí lára.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀.

Èkíní, kí Dasuki jáde bí ó bá ti mú ohun tí adájọ́ ní kó mú wá ṣẹ, kí ẹjọ́ rẹ̀ sì máa lọ kíákíá. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lọ gba àṣẹ ìdádúró lọ́wọ́ kóòtù, kí ẹ sì fi í hàn wá.

Èkejì, kí ẹ ṣe ohun kan náà lórí ọ̀rọ̀ El-Zakzaky àti ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, owó tí kóòtù ní kí ẹ san, kí ẹ san án. Abala 35 tún sọ pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Mo mọ̀ pé èyí yóò le ju owó lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí ọ́fíìsì yín tẹ orúkọ gbogbo ìdájọ́ tí ìjọba àpapọ̀ kò tíì mú ṣẹ jáde, àti ọjọ́ tí wọ́n dá ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ará ìlú rí i kà.

Ẹ̀karùn-ún ló ká mi lára jù. Ẹ padà sórí rédíò. Ẹnu tí ẹ fi sọ ọ́ ni kí ẹ fi kó o padà: pé bí kóòtù bá ti sọ̀rọ̀, ìjọba yóò kọ́kọ́ ṣe é, kó tó lọ jiyàn níwájú kóòtù tó ga jù ú lọ. Ẹ sọ ọ́ ní Haúsá, ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnì kan sì bá yín sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ìwé tí onílé yẹn dá padà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò tún gbé e lọ sí Tákíé. Mo ti sọ fún un pé màá bá a lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akódà kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.